Tíìmù ìjàkadì tuntun ní háì súkúù àwọn ọmọ mi: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún wọn, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ torí sáà kan gbáko ni mo fi bá wọn jókòó nínú jímù yẹn, láti November títí wọ February, ọmọ mi méjì ló sì wà níbẹ̀, ọkùnrin kan obìnrin kan. Àwọn òbí Yorùbá ẹgbẹ́ mi tó wà ní Amẹ́ríkà níbí ni mò ń bá sọ̀rọ̀ jù, torí tí ọmọ bá ti délé tó ní òun fẹ́ ṣe wrestling, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́kàn ni àwọn tó ń fi àga lu ara wọn lórí tẹlifíṣàn. Kì í ṣe ìyẹn rárá o. Ìjàkadì gidi ni, irú èyí tí wọ́n ní ó jẹ́ orò Ọ̀fà, òfin ló yí i ká, rẹfirí wà nídìí ẹ̀, ẹni tó bá gbé ẹnìkejì ẹ̀ ṣánlẹ̀ gbìì tàbí tó yí oríkèé ẹ̀ síbi tí oríkèé kì í yí sí, ẹni tó ṣe é sí ni wọ́n máa fún ní póìntì, tó bá sì le wọ́n á lé e kúrò.

Ẹ jẹ́ n sọ bí tíìmù náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ná. Súkúù yìí ò ní tíìmù ìjàkadì tẹ́lẹ̀, wọ́n ní fútúbọ́ọ̀lù, wọ́n ní básíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní àwọn tó ń sáré. Tíṣà ìṣirò kan tó ti jà nígbà tó wà ní yunifásítì ló lọ bá ọ̀gá súkúù pé òun máa dá a sílẹ̀, wọ́n fún un ní yàrá kan lẹ́yìn kàfitéríà, wọ́n bá a gba máàtì àlòkù lọ́wọ́ súkúù míì tó ra tuntun, ó kù sí i lọ́wọ́. Nígbà ìpàdé àkọ́kọ́ àwọn ọmọ tó wá ò pé mẹ́wàá, ọmọ mi ọkùnrin sì wà lára wọn torí ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ló fà á lọ.

Ohun tó mú kí n gba ti tíṣà tó di kóòṣì yìí nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ kíkọ́ tíìmù tuntun. Nínú ìjàkadì háì súkúù, ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń pín àwọn ọmọ. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè yan ìpele 12, 13 tàbí 14, tiwa 14 ni, láti pọ́n-ùn 106 títí dé 285, iye tí wọ́n fi pe ìpele ni ìwọ̀n tí ọmọ ibẹ̀ ò gbọ́dọ̀ jù. Tí tíìmù méjì bá pàdé, ọmọ kan ṣoṣo ni tíìmù kọ̀ọ̀kan máa gbé síwájú ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ ò bá ní ọmọ ní ìpele kan, póìntì 6 ni wọ́n máa gbé fún àwọn ẹnìkejì yín lọ́fẹ̀ẹ́, iye kan náà tí wọ́n máa gbà ká ní wọ́n fi ẹ̀yìn ọmọ yín kanlẹ̀ ni. Ẹ wá ṣírò ẹ̀: tí ìpele márùn-ún bá ṣófo, póìntì 30 ti lọ kí rẹfirí tó fọn fèrè. Ẹ sì lè ní akọni kan nínú tíìmù yẹn tí ò sí irú ẹ̀ ní gbogbo àdúgbò, póìntì 6 náà ló lè mú wálé, kò lè jà lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo òbí tó bá bi mí pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tíìmù tuntun kan ń lọ síbi tó dáa, ẹ má bèèrè ẹni tó mọ̀ ọ́n jà jù, ẹ bèèrè pé ìpele mélòó ló ṣófo.

Kóòṣì yìí mọ èyí dáadáa. Kò jókòó sí ọ́fíìsì kó máa retí kí wọ́n wá bá òun. Lásìkò oúnjẹ ọ̀sán ó máa ń wọ kàfitéríà, á máa lọ láti tábìlì dé tábìlì, ó bá àwọn ọmọ tó ń fọn fèrè nínú báńdì súkúù sọ̀rọ̀, ó bá àwọn géndé tó ń gba fútúbọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ pé tí sáà tiwọn bá parí kí wọ́n má lọ jókòó sílé. Ọmọ kan wà tó kéré gan-an, básíkẹ́ẹ̀tì ti lé e, fútúbọ́ọ̀lù ò tiẹ̀ wojú ẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀ ò ju 104 lọ tòun tẹ̀wù lọ́rùn, òun ni kóòṣì ń wá kiri bí ẹni ń wá owó tó sọnù, torí kò rọrùn láti rí ẹni tó máa dúró ní 106. Ó tún rí ọmọ kan tó sanra fún 285, ọmọ tí ojú máa ń tì láti bọ́ síta láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀, tó sì ti wá di ẹni tí gbogbo jímù ń ké orúkọ ẹ̀ báyìí. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè, mi ò tíì rí eré ìdárayá míì tí òwe yìí bá mu tó èyí. Kò sì lé ẹnikẹ́ni o, ẹni tó bá ń wá sí práktíìsì, tó ń gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu, tí gíréèdì ẹ̀ ò sì wálẹ̀, ó láyè níbẹ̀. Gíréèdì yẹn, kò fi ṣeré rárá, ọmọ tó bá ń ṣe dẹngẹrẹ nínú iṣẹ́ súkúù, ìdí ìwé ló máa jókòó sí ní yàrá kejì nígbà táwọn tó kù bá ń ṣe práktíìsì, kóòṣì fúnra ẹ̀ á sì ràn án lọ́wọ́ tó bá jẹ́ ìṣirò ni. Òfin gbà kí ọmọ jà ní ìpele tí ìwọ̀n ẹ̀ bá bọ́ sí tàbí èyí tó tẹ̀lé e lókè, nítorí náà ẹ máa rí kóòṣì pẹ̀lú bírò àti ìwé, á ti ọmọ 144 lọ sí 150 kí ti 150 lè lọ dí àyè tó ṣófo ní 157. Kó tó di Kérésìmesì, ìpele méjìlá ló ti lẹ́ni nínú.

Ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ wọn náà wù mí. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé gbígbé èèyàn ṣánlẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ kọ́, rárá, ìdúró ni: ẹsẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, orúnkún tẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ lẹ̀ mọ́ ìhà, orí wà lókè. Wọ́n ṣe é ṣe é ṣe é. Lẹ́yìn ẹ̀ ni sprawl, ìyẹn bí èèyàn ṣe ń ju ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn tí á sì fi ìbàdí tẹ ẹni tó fẹ́ wọlé sẹ́sẹ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń dìde tí ẹlòmíì bá wà lẹ́yìn ẹ̀ tó dì í mú. Ó nídìí o. Folkstyle ni wọ́n ń pe irú ìjàkadì tí wọ́n ń jà ní háì súkúù níbí, ó yàtọ̀ sí ti Olympics. Abala mẹ́ta ni, ìṣẹ́jú méjì méjì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ìdúró, tó bá di ìkejì àti ìkẹta, ọmọ lè yàn kóun wà nísàlẹ̀ tàbí lókè. Póìntì ti ọmọ fúnra ẹ̀ nínú ìjà nìyí, ó yàtọ̀ sí ti tíìmù: tó o bá wà nísàlẹ̀ tó o jàjàbọ́, póìntì 1. Tó o bá yí i padà tó jẹ́ ìwọ lo wá wà lókè, 2. Tó o bá dá a lulẹ̀ látorí ìdúró, 3, láti sáà 2024-25 ni wọ́n ti sọ ọ́ di 3, 2 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Tó o bá wá tẹ èjìká ẹ̀ méjèèjì mọ́ máàtì fún ìṣẹ́jú àáyá 2, ẹ̀yìn ẹ̀ ti kanlẹ̀, ó parí nìyẹn, kò sí pé ta ló ń léwájú.

Fún àwọn ọmọ tuntun, ọ̀rọ̀ kan ni kóòṣì ń tẹnu mọ́ lójoojúmọ́: ẹ̀yìn yín ò gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Ìṣirò náà ló tún pa dà sí. Ọmọ tó bá pàdánù tí ìyàtọ̀ póìntì wọn ò tó 8, póìntì 3 péré ni tíìmù kejì máa rí gbà. Láti 8 sí 14, wọ́n gba 4. Tó bá ti di 15 rẹfirí á dá ìjà dúró, wọ́n gba 5. Tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá kanlẹ̀, 6 ni. Ìyẹn ni pé ọmọ tí ò tíì lè borí ẹnikẹ́ni lè gba tíìmù là tó bá kọ̀ jálẹ̀ pé ẹ̀yìn òun ò ní kanlẹ̀.

Mo fojú ara mi rí i ní January. Wọ́n lọ bá súkúù kan tí ò jìnnà jà, ọmọ 106 wa yẹn sì pàdé ẹni tó ti ń jà láti kékeré. Ní abala kẹta ọmọ yẹn ti yí tiwa dẹ̀yìn, èjìká kan ti kan máàtì, èkejì ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i ju ìka kan lọ, rẹfirí ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja ó ń wo abẹ́ èjìká ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ti wà lókè tó fẹ́ gbá a mọ́lẹ̀. Ọmọ wa fi ọrùn àti gìgísẹ̀ gbé gbogbo ara ẹ̀ sókè, ojú ẹ̀ pọ́n bí nǹkan míì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti fi àga sílẹ̀ wọ́n ti kúnlẹ̀ sétí máàtì wọ́n ń lu ilẹ̀ wọ́n ń pariwo, èmi náà ti dìde mi ò mọ̀gbà tí mo dìde, títí aago fi dún. 9 sí 2 ni ọmọ yẹn fi borí ẹ̀. Póìntì 3 la fi sílẹ̀ dípò 6. Nígbà tí gbogbo ìpele parí, póìntì 2 ni tíìmù wa fi borí, ìyẹn ni pé ká ní ẹ̀yìn ọmọ yẹn kanlẹ̀ ni, póìntì 1 làwọn yẹn ì bá fi gba ọ̀hún lọ́wọ́ wa. Àwọn ọmọ yẹn mọ ìṣirò náà o, torí òun ni wọ́n gbé sókè, kì í ṣe ẹni tó fi ẹ̀yìn ẹlòmíì kanlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara wá ńkọ́, torí òun ló ń ba àwọn ìyá lẹ́rù jù, ẹ̀rù náà sì tọ́. Lápá ìparí ọdún 1997, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́ta ló kú nílẹ̀ Amẹ́ríkà yìí níbi tí wọ́n ti ń fi tipátipá já ìwọ̀n wálẹ̀ kí wọ́n lè bọ́ sí ìpele tó kéré, wọ́n ń fi ooru àti aṣọ rọ́bà fa omi jáde lára. Àtìgbà yẹn ni òfin ti yí pa dà, aṣọ rọ́bà àti yàrá ooru di èèwọ̀. Ní háì súkúù báyìí, kí sáà tó gbóná wọ́n á yẹ ìtọ̀ ọmọ wò bóyá omi tó wà lára ẹ̀ tó, wọ́n á wọn ọ̀rá ara ẹ̀, ọkùnrin ò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, obìnrin ò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ 12, ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ ìpele tó kéré jù tí ọmọ lè jà. Tó bá tiẹ̀ fẹ́ fọn díẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́sẹ̀ kan, ọmọ tó wọn 150 ò lè já ju pọ́n-ùn méjì àti díẹ̀ lọ. Ọmọ mi wọn 152, ó ti ń sọ fún mi nílé pé òun ò ní jẹun alẹ́ kóun lè wọ 150. Mo fi tó kóòṣì létí. Kóòṣì pè é lójú mi, ó ní, “Wàá jẹun alẹ́, wàá jẹun àárọ̀, 157 lo máa jà.” Ó tán síbẹ̀. Tí kóòṣì ọmọ yín bá ń sọ òdì kejì èyí, ẹ mú ọmọ yín kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìmọ́tótó náà, mo gbóríyìn fún wọn. Làpálàpá ni ọ̀tá gbogbo yàrá ìjàkadì, òun àti àwọn àìsàn ara míì tó burú jù ú lọ, torí ara ń ra ara, òógùn ń da pọ̀. Lójoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ń fi oògùn apakòkòrò nu máàtì kí wọ́n tó gorí ẹ̀, kóòṣì náà ń mú mọ́ọ̀pù. Bàtà ìjàkadì ò gbọ́dọ̀ rin ìta. Wọ́n á gé èékánná, wọ́n á wẹ̀ kíákíá tí wọ́n bá ṣe tán. Kí wọ́n tó jà wọ́n á bọ́ aṣọ kí wọ́n yẹ ara wọn wò, ọmọ tó bá ní nǹkan lára tí ò ní ìwé dókítà lọ́wọ́ ò ní jà, kódà kó jẹ́ òun ni wọ́n gbójú lé. Ó ṣẹlẹ̀ sí ẹni 132 wa, ó dùn wọ́n, àmọ́ wọn ò bá a gbé e pa mọ́.

Ohun tẹ́ ẹ máa rà ò pọ̀. Bàtà, àti hẹ́ẹ̀dìgíà tó ń bo etí, torí láìsí i etí ọmọ á wú á sì le pátá, òfin háì súkúù sì ní dandan ni. Tí ọmọ bá wọ wáyà eyín, ó nílò ìbo-eyín náà. Súkúù ló fún wọn ní síńgílẹ́ẹ̀tì, ìyẹn aṣọ ìjàkadì. Méjèèjì tí mo rà fún ọmọ kan gbà mí ní nǹkan bíi 100 dọ́là, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi bàtà olówó ńlá tàn yín, ẹsẹ̀ ọmọ ṣì ń dàgbà.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ wá dà? Ti ọmọ mi obìnrin ni. Tíìmù àwọn ọmọbìnrin, súkúù kàn fi lẹ̀ mọ́ ti àwọn ọkùnrin ni. Wọn ò wá kóòṣì obìnrin, àwọn ọmọbìnrin ò pọ̀ tó kí oníkálùkù rí ẹni tí ìwọ̀n wọn jọra bá ṣe práktíìsì, ìdíje tiwọn sì wà ní ìlú míì lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ti àwọn ọkùnrin, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà, ẹ̀yin náà mọ ẹgbẹ́ tí wọ́n máa gbé bọ́ọ̀sì yẹn fún. Èmi àti ìyá kan la ń fi mọ́tò wa gbé àwọn ọmọ náà kiri. Ó bí mi nínú, ó ṣì ń bí mi nínú, torí kì í ṣe pé ọmọbìnrin tó ń jà ṣọ̀wọ́n mọ́. Ní sáà 2023-24, wọ́n lé ní 60,000 ní háì súkúù káàkiri Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ tó lé ní 40 ló ti ń ṣe ìdíje ìpínlẹ̀ tiwọn lọ́tọ̀, ní January 2025 sì ni NCAA, àjọ tó ń rí sí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, fọwọ́ sí i pé ìjàkadì obìnrin máa ní ìdíje àṣekágbá tiẹ̀. Ọ̀nà ńlá ló ṣí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ yìí, kò yẹ kó jẹ́ bọ́ọ̀sì ló máa dí i. Kóòṣì gbọ́ ẹjọ́ wa, ó ti kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá ẹ̀, ọwọ́ súkúù ló kù sí.

Ìsọfúnni wọn náà ò dáa tó. Aago mẹ́wàá alẹ́ Friday ni ìwé máa dé pé aago márùn-ún ìdájí Saturday ni bọ́ọ̀sì máa gbéra. Ìdíje Saturday sì gùn, ẹ lè wà níbẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kí ọmọ yín jà ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré lápapọ̀, ẹ gbé oúnjẹ dání, ẹ gbé tìmùtìmù dání.

Àwọn tó ń bi mí pé ọmọ àwọn ti wà ní kíláàsì kẹwàá, ṣé ò ti pẹ́ jù? Kamaru Usman tí gbogbo wa mọ̀, tó ti gba bẹ́líìtì UFC rí, Auchi ni wọ́n ti bí i, kíláàsì kẹwàá ló bẹ̀rẹ̀ ìjàkadì ní háì súkúù ní Arlington, Texas, ní 2010 ó gba ife NCAA Division II. Tamyra Mensah-Stock, ajàkadì ọmọ Amẹ́ríkà náà, kíláàsì kẹwàá ni, Texas náà ni, òun ló na Blessing Oborududu tiwa ní àṣekágbá Olympics Tókíò lọ́dún 2021, ọjọ́ yẹn ni Nàìjíríà gba àmì ẹ̀yẹ Olympics àkọ́kọ́ nínú ìjàkadì. Kò pẹ́ jù. Ọmọ tó ti ń gba nǹkan míì náà lè wá, kódà kóòṣì fẹ́ràn àwọn tó ń sáré àti àwọn tó ń gba fútúbọ́ọ̀lù. Ọmọ tí ò bá fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun rárá, ẹ má fi dandan mú un.

Àwọn ọmọ mi méjèèjì máa pa dà lọ ní November. Ẹni tó bá fẹ́ kí tiẹ̀ wọ̀ ọ́, kó ti mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà fún àyẹ̀wò ara ní September tàbí October, torí láìsí ìwé yẹn kóòṣì ò ní jẹ́ kó fẹsẹ̀ kan máàtì. Tí ọmọ yín bá wọn láàárín 107 sí 113 tàbí láàárín 191 sí 215, ẹ tètè sọ fún un, ibẹ̀ ni àyè méjì tó ṣì ṣófo wà.